Bí Gìrì Bá Mú Ọmọ Yín

Ẹ̀yin abiyamọ, ohun tí í já ìyá láyà ni kí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná ṣàdédé gan, kí ojú rẹ̀ yí sókè, kí tọwọ́tẹsẹ̀ rẹ̀ sì máa gbọ̀n. Gìrì nìyẹn. Kí ni ó fà á?

Ọpọlọ tí ó wà nínú agbárí ni olórí ara. Láti ibẹ̀ ni okùn kan ti gba inú eegun ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀, tí àwọn iṣan ìmọ̀lára sì ti ara rẹ̀ yà káàkiri, bí wáyà tẹlifóònù. Àwọn ni wọ́n ń gbé ìròyìn lọ fún ọpọlọ, tí wọ́n sì ń mú àṣẹ rẹ̀ bọ̀. Ọpọlọ ọmọ oṣù 6 sí ọdún 5 kò tíì gbó. Bí ara bá gbóná, ó lè máa pàṣẹ láìlétò, gbogbo ara a sì máa gbọ̀n.

Ẹ má ṣe ti ẹsẹ̀ ọmọ bọ iná. Ẹ má ṣe ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má ṣe fún un ní ìtọ̀ màlúù: ó ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ṣúgà yìí ni oúnjẹ ọpọlọ.

Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí itọ́ lè ṣàn jáde, kí ẹ sì wo aago. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í tó ìṣẹ́jú 5 tí yóò fi dáwọ́ dúró. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó tilẹ̀ dáwọ́ dúró, ẹ gbé e lọ síbẹ̀, nítorí ibà tàbí àrùn yírùnyírùn lè wà nídìí rẹ̀.

Kí a má fi ọwọ́ ara wa ṣe ọmọ wa.