Omi tútù wà nínú hítà

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé Deira ní Dubai nínú oṣù Keje, tó rin inú ooru àdúgbò Naif wálé, bàlùwẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sáré wọ̀. Yóò ṣí ẹ̀rọ omi tó ní àmì búlúù, yóò sì fa ọwọ́ yọ kíá. Omi náà gbóná bí èyí tí wọ́n gbé kaná. Àwọn tó ti pẹ́ nínú bedspace, yàrá àjùmọ̀gbé náà, á rẹ́rìn-ín: "Ṣí ti pupa jàre."

Kò sí idán níbẹ̀. Omi òkun ni omi Dubai. Jebel Ali ni wọ́n ti ń yọ iyọ̀ rẹ̀ kí ó tó gba páìpù wọ ìgboro. Ní ọ̀pọ̀ ilé Deira, orí òrùlé ni táǹkì wà, ooru tó lé ní 40 lórí ìwọ̀n Celsius sì ń sun ún látàárọ̀ dalẹ́. Hítà tí ẹ̀rọ pupa ń fa omi rẹ̀ ní tirẹ̀ wà lábẹ́ àjà bàlùwẹ̀, nínú ilé tí éésì ń fẹ́ sí. Bí wọ́n bá ti pa iná rẹ̀, omi tó sùn sínú rẹ̀ mọ́jú á rọra tutù dé bí ilé ṣe tutù.

Ọgbọ́n náà wù mí, àmọ́ ó gba ìṣọ́ra. Bakitéríà Legionella, tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ téèyàn bá fa ìrì omi tó wà nínú rẹ̀ símú, fẹ́ràn omi tó dúró sójú kan, tí ooru rẹ̀ wà láàárín 20 sí 45. Àárín yẹn gẹ́lẹ́ ni hítà tí a pa bọ́ sí. Kí omi ibẹ̀ máa ṣàn lójoojúmọ́ o. Bí ọyẹ́ bá sì dé, kí wọ́n jẹ́ kó gbóná dé 60 kí wọ́n tó padà máa fi wẹ̀.

Ọyẹ́ Deira kò kúkú le. Òru oṣù Kìíní ibẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bí 14, páìpù kì í dì. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò ibẹ̀ kan ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí ọ̀rọ̀ òtútù ti yí padà nínú oṣù Kejì ọdún 2021. Iná lọ ní ilé àti ilé-iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ní Texas, òtútù sì wọlé tọ páìpù lọ. Ooru ni wọ́n kọ́ ilé wọn dè. Inú àjà ni ọ̀pọ̀ páìpù gbà, ìhòòhò ni wọ́n sì wà.

Bí omi bá di yìnyín, ó ń fi bí ìdá 9 nínú 100 wú. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé páìpù lè má bẹ́ níbi tí yìnyín wà. Yìnyín ń ti omi tó ṣẹ́kù síwájú. Ẹnu ẹ̀rọ tí wọ́n tì kò jẹ́ kó jáde, omi náà á wá ya páìpù láàárín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí ẹ̀rọ máa kán tó, tó, mọ́jú: ọ̀nà àbáyọ ló ń ṣí sílẹ̀ fún omi tí wọ́n há mọ́. Ìgbà tí yìnyín bá yọ́, tí omi dà jáde, ni àjà tó ń wó lulẹ̀.

Fóòmù tí wọ́n ń wé mọ́ páìpù ní Houston ni ó yẹ táǹkì Deira náà. Kì í mú nǹkan gbóná, kì í mú un tutù; ó kàn ń fa ẹsẹ̀ ojú ọjọ́ sẹ́yìn ni. Ibi tí kò bá sí fóòmù, ẹni tó bá tètè jí ló ń rí omi inú hítà. Ẹnì kẹta tó bá wọ bàlùwẹ̀, omi òrùlé ló máa bá.