Dókítà Ògúntọ́lá Sapara àti Àrùn Ilẹ̀ Gbígbóná

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó níhìn-ín yóò rántí pé ní ìgbà èwe yín a kì í ṣàdédé pe orúkọ Ṣọ̀pọ̀nná, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ilẹ̀ gbígbóná ni a ń pè é, tàbí Olóde. Bí ó bá pa ènìyàn, àwọn ará ilé kò gbọdọ̀ sunkún. Ọpẹ́ ni wọn yóò máa dá, èyí ni a fi ń pè é ní Alápadúpẹ́. Ìyá ìyá mi là á já, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kún fún àpá títí ó fi wọ káà ilẹ̀. Ìtàn oníṣègùn kan tí ó lọ wo ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀rù náà ni mo fẹ́ sọ fún yín ní ìrọ̀lẹ́ yìí.

Ní ọdún 1861 ni a bí i ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró. Ọmọ Iléṣà ni baba rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí a ti kó lẹ́rú tí a sì gbà sílẹ̀. Alexander Johnson Williams ni orúkọ tí wọ́n fi pè é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Christopher Sapara Williams, lọ́yà tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Èkó. Ìdílé wọn kó wá sí Èkó ní 1876. Ọmọ náà kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé, ó fi í sílẹ̀, ó lọ kọ́ bí a ti ń po oògùn. Lẹ́yìn náà ni ó rékọjá òkun lọ sí ilé ìwòsàn St. Thomas ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Scotland ní 1895. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Sàró ń bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀. Òun náà di Ògúntọ́lá Sapara. Ní 1896 ó wọ iṣẹ́ ìjọba ní Èkó gẹ́gẹ́ bí igbákejì oníṣègùn.

Iṣẹ́ yìí ni ó gbé e dé Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀pẹ́ kò ṣe àjèjì sí wa ní Odígbó. Ẹni tí ó bá bá odò Ọlúwa sọ̀kalẹ̀ dé ọ̀sà, ojú omi kan náà ni yóò gbé e débẹ̀. Ilẹ̀ gbígbóná ń pa àwọn ènìyàn níbẹ̀. Nínú ẹni mẹ́wàá tí àrùn yìí bá mú, nǹkan bí mẹ́ta ni kì í dìde mọ́. Kò sí oògùn tí dókítà lè fún ẹni tí ó ti ṣe tán láti kú. Dídá a dúró kí ó tó wọlé ni ọ̀nà kan ṣoṣo, àwọn aláìsàn kò sì sí lọ́wọ́ dókítà. Ọwọ́ àwọn àwòrò Ṣọ̀pọ̀nná ni wọ́n wà. Àwọn ni ó ń tọ́jú wọn, àwọn ni ó ń sin òkú, àwọn ni ó sì ń kó ẹrù òkú lọ.

Sapara kò bá wọn jiyàn. Ó wọ inú ẹgbẹ́ náà ní ìkọ̀kọ̀, ó sì di ọ̀kan nínú wọn.

Ohun tí ó rí níbẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Àwọn kan nínú wọn a máa ha èépá ara aláìsàn, wọn a sì fi í ran ẹni tí wọ́n bá fẹ́ kí àrùn mú. Ẹ sì kíyè sí èyí: láti ọjọ́ tí àrùn náà bá wọ ara títí di ọjọ́ tí ibà rẹ̀ yóò dé, nǹkan bí ọjọ́ 12 ni. Bí ẹnì kan bá wí lónìí pé kí a tó ná ọjà ọrún mẹ́ta Olóde yóò yà sí ilé yín, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀, ta ni kò ní pè é ní ẹni tí òrìṣà ń bá sọ̀rọ̀? Ẹrù òkú kò sì ní jẹ́ kí iṣẹ́ náà sú u. N kò wí pé gbogbo àwòrò ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. Àrùn náà lè fi èémí àti aṣọ ràn fúnra rẹ̀ láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni, àwọn mìíràn nínú wọn sì gbàgbọ́ tọkàntọkàn pé ìbínú òrìṣà ni.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi mí nígbà kan pé, “Baba, ṣé ọ̀dàlẹ̀ kọ́ ni ọkùnrin náà? Ó bá wọn mulẹ̀, ó tún tú wọn fó.” Ìbéèrè náà kò fúyẹ́, n kò sì dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. N kò ní kọ́ ọmọ ìjọ kan láti lọ búra nítorí àtidà á. Síbẹ̀, ìmùlẹ̀ tí ó ní kí n dákẹ́ nígbà tí a ń pa ọmọ ẹnìkejì mi, ta ni mo búra rẹ̀ fún? Sapara kò wá owó lọ síbẹ̀. Bí àṣírí rẹ̀ bá tú, ẹ̀mí rẹ̀ ni ìbá fi san án. Ó fi ohun tí ó rí hàn, ìjọba sì fi òfin de ẹgbẹ́ náà ní 1907. Bí ẹ bá bi mí bóyá èmi ìbá lè ṣe é, èmi kò rò pé àyà mi gbà á.

Ó ṣiṣẹ́ mìíràn púpọ̀, ó bá ikọ́ ife jà ní Èkó, kò sì fojú tẹ́ńbẹ́lú ewé àti egbò ilẹ̀ wa bí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe. Òun fúnra rẹ̀ a máa fi wọ́n po oògùn. Ó fẹ̀yìn tì ní 1928, ó sì kú ní 1935.

Òfin 1907 kò pa àrùn náà. Bupá ni ó pa á, ohun tí Edward Jenner ti kọ́kọ́ dán wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1796, nígbà tí ó fi omi egbò àrùn màlúù sín ọmọkùnrin kan ní gbẹ́rẹ́. Ní 1970 ni a rí i kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Ní 1980 ni a kéde pé kò sí i mọ́ ní gbogbo ayé. Ìyá mi a máa ká apá aṣọ rẹ̀ sókè láti fi ojú bupá tirẹ̀ hàn wá. Àpá kan ṣoṣo ni, kò ju èékánná lọ, ìyá rẹ̀ tí ojú rẹ̀ kún fún àpá ni ó sì mú un lọ́wọ́ lọ síbi tí wọ́n ti bù ú.