Ọ̀kan Wà Lẹ́yìn, Ọ̀kan Ń Fa Ìró

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pọn àbúrò sẹ́yìn, tí ẹ̀gbọ́n tí ò tíì pé ọdún 3 sì ń fa ìró yín nínú ìsọ̀, ẹ̀yin là ń bá wí lónìí.

Bí ìyá méjì bá bímọ lásìkò kan náà, àfiwé kì í pẹ́ dé: "Tèmi ti ń rìn, tìẹ ńkọ́?" Ìka ò dọ́gba o. Òmíràn á rìn kó tó pé ọdún kan, òmíràn á tó oṣù 16, nǹkan kan ò sì ṣe é. Ẹ̀gbọ́n lè tètè rìn, kí àbúrò tètè sọ̀rọ̀.

Síbẹ̀, àwọn àmì kan wà tó yẹ ká máa ṣọ́. Tó bá ti tó oṣù 2, ọmọ á máa rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń bá a ṣeré. Ní oṣù 4, ọrùn rẹ̀ á ti gbé orí dúró. Kó tó pé oṣù 9, ọ̀pọ̀ á ti máa dá jókòó. Tó bá pé ọdún 2, á máa so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀: "Màmá, wá," "omi tán."

Ìgbà wo ló wá yẹ ká gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn? Bó bá ti lé ní oṣù 9 tí ò lè dá jókòó, bó bá pé oṣù 18 tí ò tíì rìn, tàbí bí ariwo kì í jẹ́ kó yíjú. Ọmọ tá a ń pè ní alágídí, ó lè jẹ́ pé etí rẹ̀ ni ò gbọ́ràn. Èyí tó ti ń rìn tàbí tó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá dáwọ́ dúró, ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì.

Ọmọ pípọ̀n dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹní, ẹ dá a dojú bolẹ̀ díẹ̀ nígbà tí kò sùn, kẹ́ ẹ sì máa wò ó. Ìyẹn ló ń fún ọrùn àti apá lágbára. Bẹ́ ẹ bá ń ka owó, ẹ kà á sí i létí: "Ata rèé, tòmátì rèé." Ọ̀rọ̀ tọ́mọ ò gbọ́, kò lè sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sílé lè tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àbúrò dé, kó tún máa béèrè ọmú. Owú ni, kì í ṣe ìwàkiwà. Ẹ má nà án. Ẹ rán an níṣẹ́ kékeré: "Bá mi mú aṣọ àbúrò ẹ wá," kẹ́ ẹ sì yìn ín.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ láwọn nìkan. Ẹ̀gbọ́n lè fi ẹ̀pà bọ àbúrò lẹ́nu, kó há a lọ́fun. Ẹ má rọ kẹrosíìnì sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ má fi bókẹ́ẹ̀tì omi sílẹ̀ nítòsí wọn. Omi díẹ̀ tó láti gbẹ̀mí ọmọdé.

Ẹ rántí abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi ní oṣù 9, àti èkejì ní oṣù 15. Ẹ mú káàdì dání. Nítorí ọmọ la ṣe ń wá ajé.