Ilé Àtijọ́ àti Ògbólógbòó Ọkọ̀: Bí A Ṣe Lè Tọ́jú Wọn

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ní àṣálẹ́ yìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Nínú ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń gbọ́ mi, àwọn kan wà tí ń sùn nínú ilé tí bàbá-ńlá wọn kọ́. Àwọn mìíràn wà tí ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé lọ sí ibi iṣẹ́ dàgbà ju akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń kọ́ lọ. Nígbà tí kò sí owó ilé tuntun, tí owó ọkọ̀ tuntun náà kò sì sí, kí ni kí ènìyàn ṣe? Ṣé kí ó káwọ́ gbera, kí ó máa wò títí tí èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò fi bàjẹ́ tán ni?

Rárá o. Àwọn àgbà ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bí a bá wo ohun tí ń ba ilé àtijọ́ jẹ́ àti ohun tí ń ba ọkọ̀ àtijọ́ jẹ́, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ omi ni ó pọ̀ jù nínú méjèèjì. Bí omi bá wà níbi tí kò yẹ kí ó wà, ilé yóò wó. Bí omi kò bá sí níbi tí ó yẹ kí ó wà, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yóò jóná. Ẹni tí ó bá ti mọ ọ̀nà tí omi ń gbà nínú ilé rẹ̀ àti nínú ọkọ̀ rẹ̀ ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ilé

Irú ilé àtijọ́ méjì ni ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Èkíní ni ilé alámọ̀ tí a fi páànù bò, irú èyí tí ó pọ̀ ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta àti ní Ọ̀yọ́. Ewé àti koríko ni àwọn baba wa fi ń bo ilé tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ó rọrùn láti kó páànù wá láti Èkó. Èkejì ni ilé tí àwọn Àgùdà, èyíinì ni àwọn ènìyàn wa tí wọ́n padà dé láti ilẹ̀ Bùràsíìlì, fi ọgbọ́n ọwọ́ wọn kọ́ sí Èkó, tí àwọn ará ìlú mìíràn sì wò kọ́.

Níbi òrùlé ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Bí omi bá ń kán sí yàrá, kì í ṣe òkè ibi tí ó ti ń kán gan-an ni ihò náà sábà máa ń wà. Omi a máa gba ihò wọlé, a sì máa tọ ara igi òrùlé lọ jìnnà kí ó tó kán sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ dúró di ọ̀sán ọjọ́ tí oòrùn mú, ẹ gun inú àjà, ẹ jẹ́ kí ibẹ̀ ṣókùnkùn, kí ẹ wá wòkè. Ibi tí ẹ bá ti rí ìmọ́lẹ̀ bí ojú abẹ́rẹ́, ihò ni. Ẹ ó rí i pé ojú ìṣó ni ó pọ̀ jù, nítorí ibẹ̀ ni páànù ti ń kọ́kọ́ dógùn-ún. Orí ibi tí páànù ti ga ni a ń kan ìṣó sí, a kì í kàn án sí inú kòtò rẹ̀, nítorí inú kòtò ni omi ń ṣàn gbà. Kí káfíńtà fi rọ́bà tàbí awọ sí abẹ́ orí ìṣó kọ̀ọ̀kan. Owó tí èyí yóò ná yín kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó igi òrùlé tí ó ti jẹrà.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o. Bí ó bá jẹ́ pé pákó asbestos ni wọ́n fi ṣe àjà ilé yín tàbí tí wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀, bí ó ti wọ́pọ̀ nígbà kan, ẹ má ṣe rẹ́ ẹ, ẹ má sì ṣe fọ́ ọ. Eruku rẹ̀ a máa fa àrùn jẹjẹrẹ sí ẹ̀dọ̀fóró. Bí kò bá tíì fọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn òrùlé, ẹsẹ̀ ògiri ni ó kù. Ọ̀ṣọ̀rọ̀ tí ń já bọ́ láti etí páànù a máa gbẹ́ ilẹ̀, a sì máa ta ẹrẹ̀ sí ara ògiri. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹsẹ̀ ògiri yóò máa tín-ín-rín, bẹ́ẹ̀ ni òkè rẹ̀ wúwo. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a dẹ ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé kí ó dà sí ìta, kí a da òkúta wẹ́wẹ́ síbi tí ọ̀ṣọ̀rọ̀ ń bọ́ sí, kí a sì la ojú àgbàrá kí omi má baà dúró sí ìdí ilé.

Àṣìṣe ńlá kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe. Bí ògiri amọ̀ bá ti ń ṣí, wọn a pe bíríkìlà kí ó fi sìmẹ́ǹtì líle rẹ́ ẹ. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n amọ̀ a máa fa omi láti ilẹ̀, a sì máa gbẹ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i. Sìmẹ́ǹtì yóò dí i mọ́lẹ̀, omi yóò wà nínú ògiri, ògiri yóò sì máa rọ̀ lábẹ́ ẹ̀wù tí ó lẹ́wà. Ẹ fi ìka kan ògiri náà. Ibi tí ó bá dún bí ìgbá òfìfo, sìmẹ́ǹtì ti kúrò lára amọ̀ níbẹ̀. Ẹ ṣí i kúrò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ jẹ́ kí amọ̀ gbẹ dáadáa, kí ẹ sì fi irú iyẹ̀pẹ̀ pupa kan náà tí wọ́n fi mọ ògiri dí i. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó le díẹ̀, ìwọ̀n sìmẹ́ǹtì kan sí ìwọ̀n iyẹ̀pẹ̀ mẹ́wàá ti tó.

Bí ògiri bá lanu ńkọ́? Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹ mú lẹ́ẹ̀dì, ẹ fa ìlà sí ìparí ibi tí ó lanu dé ní òkè àti ní ìsàlẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i. Ẹ padà wò ó ní oṣooṣù. Bí ó bá dúró sójú kan, ẹ dí i. Bí ó bá ń kọjá ìlà, tàbí tí ilẹ̀kùn tí ń tì geere tẹ́lẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í há, ìpìlẹ̀ ni ó ń yẹ̀. Ẹ kó ènìyàn kúrò nínú yàrá náà, kí ẹ sì pe ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ilé kíkọ́ dunjú.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná kò ṣeé fojú fò. Ara wáyà ilé àtijọ́ a máa gbó, omi òrùlé a sì máa bá a nínú àjà. Bí fíúsì bá ń já lemọ́lemọ́, ìkìlọ̀ ni ó ń ṣe. Ẹni tí ó bá fi wáyà nípọnnípọn dípò fíúsì ti pa ẹnu ẹni tí ń kìlọ̀ fún un mọ́. Iná ni yóò tẹ̀ lé e.

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, yàrá kan wà ní ẹ̀yìnkùlé ilé wa tí omi ń kán sí ní igun rẹ̀ kan. Ìyá àgbà tí ń sùn níbẹ̀ gbé abọ́ sí i. Nígbà tí abọ́ kún, wọ́n gbé garawa sí i. Ọdún mẹ́rin ni a fi ń da omi garawa náà nù. Ní òru ọjọ́ kan nígbà òjò, ògiri igun náà wó lulẹ̀ sórí ibùsùn. Orí ni ó kó Ìyá àgbà yọ. Òkú ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n lọ sin ní ìlú kejì. Ìṣó bíi mẹ́fà àti páànù kan ni ì bá ti gbà wá. Kì í sì í ṣe pé a kò ní owó páànù kan. Ilé ẹbí ni. Olúkúlùkù ń retí ẹnì kejì rẹ̀.

Èyí ni ìṣòro tí ó ju ti ikán àti òjò lọ. Ẹ wo Ilojo Bar ní Gbàgede Tinúbú ní Èkó, ilé Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1855. Ìjọba kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o ní ọdún 2016. Òfin nìkan kò lè mú ilé dúró. Nítorí náà, kí ẹbí yan ẹnì kan ṣe olùtọ́jú ilé, kí wọ́n fún un ní ìwé tí yóò máa kọ owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde sí, kí wọ́n sì dá ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́ lọ́dọọdún tí gbogbo wọn yóò yí ilé náà ká. Owó kékeré tí a ń dá lọ́dọọdún sàn ju owó ńlá tí a ń jà lé lórí lọ.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀

Ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen ní Èkó. Peugeot 504 àti Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá di ọkọ̀ olùkọ́ àti ti òṣìṣẹ́ ìjọba. Àwọn kan ṣì ń rìn di òní, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ tòkunbọ̀ tí ó dé lẹ́yìn wọn.

Ohun tí ó ń tètè pa ògbólógbòó ọkọ̀ ni ooru. Omi inú rédíétọ̀ ni ó ń gbé ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Ìdérí rédíétọ̀ kì í ṣe ọmọrí ìkòkò lásán. Ó ń tẹ omi náà mọ́lẹ̀ kí ó má baà tètè hó. Bí rọ́bà ìdérí náà bá ti gbó, omi yóò máa hó jáde, mẹkáníìkì yóò sì ti máa tú ẹ́ńjìnnì. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ ìdérí. Bákan náà, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ni ó máa ń yọ thermostat sọnù, wọn a ní kò wúlò ní ilẹ̀ olóoru. Irọ́ ni. Thermostat ni kì í jẹ́ kí omi lọ sí rédíétọ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná tó. Bí a bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì yóò máa jẹ epo púpọ̀, yóò sì tètè gbó. Ẹ má sì ṣe máa da omi kànga nìkan sí i. Ẹ pò ó mọ́ omi rédíétọ̀ tí wọ́n ń tà, kí inú ẹ́ńjìnnì má baà dógùn-ún.

Bí ọkọ̀ bá gbóná lọ́nà, ẹ dúró, ẹ pa á, kí ẹ sì fún un ní ìdajì wákàtí ó kéré tán. Ẹni tí ó bá ṣí ìdérí nígbà tí ó gbóná yóò fi ojú gba omi híhó. Ẹni tí ó bá sì bu omi tútù lu ẹ́ńjìnnì gbígbóná lè fọ́ irin rẹ̀. Ní ti Ìjàpá, kò lo omi rárá. Afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì ni ó fi ń tutù. Bẹ́líìtì kan náà ni ó ń yí fáànù rẹ̀ àti ẹ̀rọ tí ń fún bátìrì ní iná. Bí iná pupa ti bátìrì bá tàn lójú ọ̀nà, ó ṣeé ṣe kí bẹ́líìtì náà ti já. Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀.

Àwọn ibì kan wà nínú ọkọ̀ tí omi kò gbọ́dọ̀ dé. Omi bíréèkì ni àkọ́kọ́. Òróró pàtàkì kan ni, ó sì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Nígbà tí ènìyàn bá ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, bí irú òkè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, tí bíréèkì gbóná, omi tí ó wà nínú rẹ̀ yóò hó, ẹsẹ̀ yóò sì wọ ilẹ̀ láìsí ìdádúró. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì. Ní ti bátìrì, omi tí a sè tí a sì gba ooru rẹ̀ nìkan, èyí tí wọ́n ń tà fún bátìrì, ni a ń bù sí i. Bí orí rẹ̀ bá hu funfun, ẹ kọ́kọ́ tú orí tí ó ní àmì ìyọkúrò, kí ẹ sì fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́.

Ẹ má ṣe gbàgbé táyà. Láti ọdún 2000, nọ́ńbà mẹ́rin ni wọ́n ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tí ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, ẹ má rà á, bí ó ti wù kí ó jọ tuntun tó.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ lè fi ìwé kan ṣe ìtọ́jú méjèèjì: ojú ìwé kan fún ilé, ojú ìwé kan fún ọkọ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí a wò ó, ohun tí a rí àti ohun tí a ṣe. Ẹni tí ó da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù. Kí ọ̀yẹ̀ yìí tó parí, ẹ gun inú àjà ilé yín lọ wò ó. Ó dàárọ̀ o.