MGB: Títún Ọkọ̀ Asáré Àtijọ́ Ṣe àti Kíkọ́ Ṣọ́ọ̀bù Rẹ̀ Sínú Ilé

MGB jẹ́ ọkọ̀ asáré kékeré tí wọ́n ń tò ní ìlú Abingdon, ní ìtòsí Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1962 títí di ọdún 1980 tí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ tí ń tò ó pa. Ọkọ̀ asáré ni ọkọ̀ tí wọ́n ṣe nítorí adùn ìwakọ̀ ju nítorí èrò tàbí ẹrù lọ: ìjókòó rẹ̀ kì í sábà ju méjì lọ, ó sún mọ́ ilẹ̀, òrùlé aṣọ rẹ̀ sì ṣeé ká sẹ́yìn nígbà tí òòrùn bá yọ. Àwọn MGB tí wọ́n ṣe lé ní 500,000, àwọn tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì ré òkun kọjá lọ sí Amẹ́ríkà. Pípọ̀ tí wọ́n pọ̀ yìí ni ó fà á tí ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọkọ̀ àtijọ́ di ọ̀tun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi máa ń kọ́kọ́ ronú kan MGB, nítorí pé páàtì rẹ̀ kò wọ́n, kò sì sí àìsàn kan tí ó lè ṣe é tí ẹlòmíràn kò tíì wò rí.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò le láti lóye. Sìlíńdà mẹ́rin ni ó ní, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1798 cc, kábúrétọ̀ SU méjì, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ kí ó tó wọnú sìlíńdà, ni ó sì ń bọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, láìsí kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀. Ìrọ̀rùn yìí gan-an ni ó máa ń tan olùbẹ̀rẹ̀ jẹ, nítorí pé ibi tí ẹ́ńjìnnì wà ni yóò kọjú sí, yóò gbọ́ bí ó ṣe ń dún, yóò sì sanwó, nígbà tí ó jẹ́ pé bọ́dì ni àìsàn wà. Ẹ́ńjìnnì tí ó ti kú ṣeé tú palẹ̀ lórí tábìlì láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́dì tí ìpáàrà ti jẹ láti inú wá lè gba ọdún mélòó kan lọ́wọ́ ẹni tí ó jẹ́ pé òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni ó ráyè.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. MGA, ọkọ̀ tí ó ṣáájú MGB, ní ṣáàsì, ìyẹn férémù irin líle tí ó dá dúró tí wọ́n sì gbé bọ́dì lé lórí, tí ó fi jẹ́ pé bí bọ́dì tilẹ̀ bàjẹ́, egungun ọkọ̀ ṣì wà. MGB kò ní irú férémù bẹ́ẹ̀. Àwọn pánẹ́ẹ̀lì irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí nínípọn wọn kò ju bíi mìlímítà 1 lọ, ni wọ́n tẹ̀ ní oríṣiríṣi ìrísí tí wọ́n sì jó pọ̀ títí wọ́n fi di àpótí kan ṣoṣo tí ń gbé gbogbo ẹrù ọkọ̀. Nítorí pé MGB aláṣọ kò ní òrùlé irin tí yóò ràn án lọ́wọ́, agbára àpótí náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kó jọ sí ibi méjì tí wọ́n ń pè ní síìlì, ìyẹn ọ̀pá irin oníhò gbọọrọ tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún àti ti òsì. Síìlì MGB kì í ṣe irin kan: pánẹ́ẹ̀lì ìta wà, ti inú wà, òmíràn sì dúró lóòró láàárín wọn. Ẹrẹ̀ àti omi tí táyà iwájú ń ta sókè máa ń kó jọ sẹ́yìn ìbòrí táyà, wọn á sì máa wọnú síìlì lọ díẹ̀díẹ̀, tí ìpáàrà yóò fi jẹ irin àárín tán kí ọ̀dà ojú ìta tó fi àmì kankan hàn. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì ní ìgbà òtútù kí yìnyín má baà dì tún máa ń mú ìpáàrà yá.

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti fi pọ́tì dí ihò, wọ́n ti kun ọ̀dà lé e, wọ́n sì ti tà á. Nítorí náà, òòfà kékeré tí a fi aṣọ wé ni ohun èlò tí ó wúlò jù lọ lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ ra MGB: níbi tí irin bá wà, òòfà yóò lẹ̀ mọ́ ọn, níbi tí ó bá jẹ́ pọ́tì, yóò já bọ́. Kí olùrà náà tún ṣí ilẹ̀kùn kí ó sì tì í nígbà tí wọ́n bá fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè. Bí àlàfo etí ilẹ̀kùn bá ṣe ń fún pọ̀ lókè, bẹ́ẹ̀ ni síìlì ń jẹ́wọ́ pé òun kò lágbára mọ́.

Ewu tí ó wà nínú gígé síìlì ni pé ọkọ̀ lè ká ní àárín bí ìwé. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ jó ọ̀pá irin mọ́ àlàfo ilẹ̀kùn láti òpó iwájú dé òpó ẹ̀yìn kí ó tó fi ayùn kan ohunkóhun, yóò ṣe ẹ̀gbẹ́ kan parí kí ó tó kan èkejì, yóò sì máa gbé ilẹ̀kùn sí ipò rẹ̀ léraléra kí ó lè rí i pé ó ṣì ń tì dáadáa. Ẹ̀rọ ìjórin MIG ni wọ́n sábà máa ń lò, èyí tí ń ti wáyà tín-ínrín jáde fúnra rẹ̀ bí ó ti ń fẹ́ gáàsì bo ojú iná, nítorí pé ó rọrùn láti kọ́, iná rẹ̀ sì ṣeé dín kù kí ó má baà dá ihò sí irin fẹ́lẹ́. Fún ẹni tí bọ́dì rẹ̀ ti kọjá àtúnṣe, ọ̀nà mìíràn wà: láti ọdún 1988 ni ilé-iṣẹ́ British Motor Heritage ti ń fi àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀rin àtijọ́ ṣe bọ́dì MGB tuntun. Owó rẹ̀ kò kéré, àmọ́ ẹni tí ó bá ṣírò iye pánẹ́ẹ̀lì àti wákàtí ìjórin tí bọ́dì jíjẹrà yóò gbà lè rí i pé ọ̀nà yìí kò burú rárá.

Gbogbo èyí ni ó fi hàn pé ṣọ́ọ̀bù ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ kọ́, kí a tó tú bọ́ọ̀tù kan. Ọkọ̀ tí a tú palẹ̀ ń gba ju ìlọ́po méjì àyè tí ó ń gbà nígbà tí ó wà lódindi, yàrá ìgbọ́kọ̀sí ilé àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì sábà máa ń tóbi tó ọkọ̀ kan péré. Ọ̀tá àkọ́kọ́ nínú yàrá náà ni ọ̀rinrin: irin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ha mọ́ tónítóní lè pọ́n ní òru ọjọ́ kan bí ìrì bá sẹ̀ sí i lára. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń tẹ́ ọ̀rá nínípọn sábẹ́ kọ̀ǹkéré ilẹ̀ kí omi má baà gòkè, tí wọ́n ń fi ohun tí kì í jẹ́ kí òtútù wọlé bo ògiri àti òrùlé, tí wọ́n sì ń lo ẹ̀rọ tí ń fa ọ̀rinrin kúrò nínú afẹ́fẹ́. Iná tí ó mọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ àti láti òkè tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà tábìlì líle tí fáìsì wà lórí rẹ̀, èyí tí ń di irin mú ṣinṣin, àti pẹpẹ púpọ̀ ju bí a ti rò lọ. Ẹni tí ó bá lọ ra sípánà onímìlímítà yóò rí i pé kò bá a mu, nítorí pé ìwọ̀n íǹṣì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú bọ́ọ̀tù MGB.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ ọwọ́ yìí ti pín ara rẹ̀ sọ́nà: mẹkáníìkì ní tirẹ̀, pánẹ́ẹ̀bítà ní tirẹ̀, rewáyà kì í bá wọn dá sí ti kábúrétọ̀. Ẹni tí ń tún MGB ṣe nínú ilé ń gbìyànjú láti jẹ́ gbogbo wọn pọ̀, níbẹ̀ sì ni ewu wà. Jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀ sókè ni, kò wà fún gbígbé e dúró. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí kò sí lórí ìdúró irin. Táńkì epo gbọ́dọ̀ kúrò nínú ọkọ̀, kí ó sì kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ìjórin tó bẹ̀rẹ̀. Eruku búréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì àtijọ́ lè ní asbestos nínú, ìyẹn okùn òkúta wínníwínní tí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, nítorí náà a kì í fi afẹ́fẹ́ kọ́mpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ, a máa ń fi omi rin ín ni. Ní ti ọ̀dà òde òní tí a ń po mọ́ èròjà tí ń mú un le, èéfín rẹ̀ lè fa ikọ́ fée tí kì í lọ mọ́, ìbòjú lásán kò sì tó fún un. Kí a gbé bọ́dì lọ fún ẹni tí ń kun ọkọ̀ ní ọ̀dà tí ó ní yàrá àti ìbòjú tí ń fa afẹ́fẹ́ mímọ́ láti ìta ni ó bọ́gbọ́n mu, àbùkù kankan kò sì sí níbẹ̀.

Owó tí a bá ná sórí iṣẹ́ yìí kì í sábà padà wá nígbà títà. Lẹ́yìn bọ́dì, ó ku iná mànàmáná àti epo. Ti iná mànàmáná rọrùn bí a bá ra gbogbo wáyà ní títò tuntun, àmọ́ ó yẹ kí a mọ̀ pé nínú àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú ìparí ọdún 1967, apá rere bátìrì ni wọ́n so mọ́ bọ́dì, èyí tí ó lè ba rédíò òde òní jẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Epo bẹntiróòlù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ti yí padà: láti ọdún 2000 kò sí òjé nínú rẹ̀ mọ́, èyí tí ó mú kí wọ́n máa fi irin líle pààrọ̀ ìjókòó fáàfù nígbà tí wọ́n bá tú orí ẹ́ńjìnnì, nígbà tí ó sì di ọdún 2021, ethanol inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń jẹ rọ́bà àtijọ́, nítorí náà gbogbo páìpù epo ni a óò pààrọ̀.

Lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ ta iná sí ẹ́ńjìnnì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tò, a óò kọ́kọ́ tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò, a óò fi sítátà yí ẹ́ńjìnnì láìsí iná títí géèjì yóò fi fi hàn pé ọ́ìlì ti ń dé ibi gbogbo, lẹ́yìn náà ni a óò dá wọn padà. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti rin bíi máìlì 500, a óò tún bọ́ọ̀tù orí ẹ́ńjìnnì dì nígbà tí ó bá ti tutù, a óò sì yẹ abẹ́ síìlì méjèèjì wò bóyá ọ̀rá adènà-ìpáàrà tí a fọ́n sínú wọn ti dé gbogbo igun.