Ṣé o mọ̀? Ilé ọtí ni Mbari Mbayo tẹ́lẹ̀
Ilé ọtí kan ní ìgboro Òṣogbo, Popular Bar, ló di Mbari Mbayo, níbi tí eré Ọba Kò So ti kọ́kọ́ jáde. Dúró Ládiípọ̀, ẹni tó kọ eré náà, fúnra rẹ̀ ló ni ilé ọtí náà. Ní oṣù kẹta ọdún 1962, òun àti Ulli Beier, ọ̀mọ̀wé ọmọ Jámánì, sọ ọ́ di ibùdó eré àti àwòrán. Eré Ọba Mórò ni wọ́n fi ṣí i. Nígbà tó di 1964, Ọba Kò So ti dé Berlin ní Jámánì. Èyí tó wú mi lórí jù ni ti Jimoh Buraimoh: iná ló ń bójú tó fún ẹgbẹ́ òṣèré Ládiípọ̀ kó tó di ọ̀gá nínú fífi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán.