Bí Ilẹ̀kùn Àpérò TED Ṣe Ṣí, láti Monterey dé Arusha

Ọdún méjìlélógún ni àpérò TED fi jẹ́ ìpàdé abẹ́lé fún àwọn tó lówó lọ́wọ́ àti àwọn tí a fi ìwé pè, kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ tó di ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìtàn bí ilẹ̀kùn náà ṣe ṣí, àti ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ nígbà tí àpérò náà dé Arusha, ní ilẹ̀ Tànsáníà, lọ́dún 2007, fi hàn pé àpérò kì í dá ọgbọ́n sílẹ̀. Iṣẹ́ tó lè ṣe, bó bá mọ̀ ọ́n ṣe, ni láti mú ọgbọ́n kúrò níbi tó fara sin sí wá síwájú àwọn tó lè tì í lẹ́yìn.

Monterey, ìlú etí òkun kan ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ni Richard Saul Wurman àti Harry Marks ti pe ìpàdé àkọ́kọ́ lọ́dún 1984. Ayàwòrán ilé ni Wurman, ó sì tún ń ṣe ìwé tó ń la ọ̀rọ̀ tó ta kókó yé àwọn ènìyàn. Marks ní tirẹ̀ ń ṣe àwòrán fún àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn. Wọ́n ṣàkíyèsí pé iṣẹ́ mẹ́ta tí àwọn ènìyàn ń ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìyẹn ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìdánilárayá àti iṣẹ́ ọnà, ti ń wọnú ara wọn, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi sọ àpérò náà lórúkọ. Níbẹ̀ ni àwọn tó wá ti rí kọ̀ǹpútà Macintosh tí iléeṣẹ́ Apple ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde àti àwo CD ti iléeṣẹ́ Sony, níbẹ̀ náà sì ni Benoit Mandelbrot, onímọ̀ ìṣirò, ti ṣàlàyé fractal, èyí tó túmọ̀ sí àwòrán tí apá kékeré inú rẹ̀ máa ń jọ odindi rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí etíkun ṣe máa ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ yálà a wò ó láti òkèèrè tàbí nítòsí. Ohun tí wọ́n rí wú wọn lórí, ṣùgbọ́n àwọn tó pe ìpàdé pàdánù owó, ọdún mẹ́fà sì kọjá kí wọ́n tó tún pe òmíràn lọ́dún 1990, lẹ́yìn èyí tó di ọdọọdún.

Àyípadà ńlá bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2001, nígbà tí Sapling Foundation, àjọ tí kì í wá èrè, ra àpérò náà. Chris Anderson ló dá àjọ yìí sílẹ̀. Ọmọ míṣọ́nnárì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí sí Pakistan ni, ìwé ìròyìn nípa kọ̀ǹpútà ló sì fi là. Ó fẹ àpérò náà kọjá ohun mẹ́ta àkọ́kọ́, débi tí ọ̀rọ̀ ìṣẹ́, àìsàn àti àyíká fi ráyè níbẹ̀. Lọ́dún 2006, Al Gore, igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, sọ̀rọ̀ níbẹ̀ lórí ìyípadà ojú ọjọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wà lára fídíò mẹ́fà àkọ́kọ́ tí TED gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún náà. Ó jọ pé ìgbésẹ̀ yìí yóò ba ọjà jẹ́, nítorí kò sí ìdí tí ènìyàn yóò fi san ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là fún ohun tó lè jókòó sílé wò. Òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀, tí àwọn fídíò náà di ìpolówó, tí àwọn tó ń wá àyè sì ń pọ̀ sí i. Nígbà tó fi di oṣù kọkànlá ọdún 2012, iye ìgbà tí a ti wo àwọn fídíò náà ti pé bílíọ̀nù kan.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2007 ni àpérò náà kọ́kọ́ wá sí Áfíríkà. Emeka Okafor, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní New York, ló darí ètò rẹ̀, kò sì fi ìwé ìpè mọ sọ́dọ̀ àwọn olókìkí nìkan, nítorí pé ó ti pẹ́ tó ti ń tọpa àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn dá ẹ̀rọ sílẹ̀ ní ilẹ̀ náà. Báyìí ló ṣe gbọ́ nípa William Kamkwamba, ọ̀dọ́kùnrin ará Màláwì tí ìwé ìròyìn orílẹ̀-èdè rẹ̀ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ìparí ọdún 2006.

Ìyàn tó mú ní Màláwì láàárín ọdún 2001 sí 2002 ló lé Kamkwamba kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, nítorí pé àgbẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀, wọn kò sì rí owó ilé ìwé san. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ilé ìkàwé kékeré tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Wimbe, níbi tó ti rí ìwé kan tí àwòrán ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí wà nínú rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé náà le fún un, ṣùgbọ́n àwòrán náà yé e. Fáànù ara katakata àtijọ́, páìpù oníke tó fi iná rọ̀ tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, férémù kẹ̀kẹ́ àti dínámò tí a fi ń tan iná kẹ̀kẹ́ ló tò pọ̀ sórí àgbékà gíga tó fi igi kàn. Bí afẹ́fẹ́ bá ti yí fáànù, ẹ̀wọ̀n á yí táyà kẹ̀kẹ́, táyà á yí dínámò, iná á sì dé inú ilé. Kò sí àpérò kankan tó kọ́ ọ níṣẹ́ yìí. Ohun tó rí gbà ní Arusha, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí ìtàgé, ni àwọn alátìlẹ́yìn tó dá a padà sílé ẹ̀kọ́, títí tó fi gboyè ní Dartmouth College ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2014. Ìtàn rẹ̀ di ìwé lọ́dún 2009, ó sì di fíìmù lọ́dún 2019.

Àríyànjiyàn kan tún wáyé ní Arusha. Andrew Mwenda, akọ̀ròyìn ará Ùgáńdà, sọ pé owó ìrànwọ́ láti òkè òkun ń ṣe Áfíríkà níbi, Bono, olórin tó ń polongo irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀, sì ta kò ó láti ìjókòó rẹ̀. Ngozi Okonjo-Iweala, mínísítà ètò ìnáwó Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, wá là á yé wọn pé kò yẹ kí a máa fi ìrànwọ́ àti òwò ta ko ara wọn, bí kò ṣe kí a wá ọ̀nà tí a ó gbà lo ìrànwọ́ náà dáadáa.

Ọ̀rọ̀ Ron Eglash, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, ló sún mọ́ àṣà jù lọ. Ó fi hàn pé fractal tí Mandelbrot ṣàlàyé ní Monterey ti wà nínú ilé kíkọ́ àti irun dídì ní Áfíríkà tipẹ́, bí irú ìlú àwọn Ba-ila ní Zambia, níbi tí ilé ti jẹ́ òbìrí nínú òbìrí. Ó tún sọ pé ìlànà iyanrìn títẹ̀ tí àwọn aláyẹ̀wò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń lò, tó dá lórí àmì kan tàbí méjì, gba ọwọ́ àwọn Lárúbáwá dé Yúróòpù, tó sì wà lára gbòǹgbò òǹkà oníméjì tí kọ̀ǹpútà ń lò. Ẹni tó bá mọ Ifá yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sílé, nítorí àmì kan tàbí àmì méjì ni babaláwo ń tẹ̀ sínú ìyẹ̀rosùn ní ibùdó mẹ́jọ lójú ọpọ́n, èyí tó ń fúnni ní odù 256.

Ipa ìpàdé náà kò tán ní Tànsáníà. Ory Okolloh, agbẹjọ́rò ará Kẹ́ńyà tó sọ̀rọ̀ níbẹ̀, wà lára àwọn tó dá Ushahidi sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2008, ìyẹn ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń fi ibi tí rògbòdìyàn lẹ́yìn ìdìbò Kẹ́ńyà ti ń ṣẹlẹ̀ hàn lórí máàpù, láti inú ìròyìn tí ará ìlú ń fi fóònù ránṣẹ́. Lọ́dún 2009, TED ṣí ilẹ̀kùn mìíràn nípa TEDx, èyí tó fún ìlú àti ilé ẹ̀kọ́ láyè láti ṣe ìpàdé tiwọn lábẹ́ ìlànà kan náà. Ọdún yẹn kan náà ni Okafor àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Maker Faire Africa ní Accra, àfihàn tí kò fi dandan lé ọ̀rọ̀ sísọ, bí kò ṣe pé kí oníṣẹ́ gbé ohun tó ṣe wá kí aráyé wò ó.

Ìtàgé ní ewu tirẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí Maker Faire Africa dé Èkó lọ́dún 2012, àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tí wọ́n ṣì wà nílé ìwé gbé ẹ̀rọ amúnáwá tó ń lo ìtọ̀ wá, òkìkí rẹ̀ sì kàn káàkiri ayé, kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó tọ́ka sí i pé agbára tí a ó ná láti fa gáàsì háídírójìn jáde nínú ìtọ̀ náà kò ní kéré sí èyí tí ẹ̀rọ náà yóò mú wá. Ní ìparí ọdún 2013, Benjamin Bratton, olùkọ́ ní yunifásítì kan ní California, lo ìtàgé TEDx ní San Diego fúnra rẹ̀ láti kìlọ̀ pé TED ń sọ ìmọ̀ di eré ìwòran, tó sì ń fi ìyanu rọ́pò iṣẹ́ àṣekára.

Ìkìlọ̀ náà tọ́, ṣùgbọ́n kò pa ẹ̀kọ́ Arusha rẹ́. Ṣáájú ìpàdé náà ni olóòtú ètò ti lọ wá àwọn tí ẹnikẹ́ni kò pè; lẹ́yìn ìpàdé náà ni àwọn alátìlẹ́yìn san owó ilé ẹ̀kọ́ fún ọdún púpọ̀. Àwọn tó ń gbèrò àpérò ìmọ̀ tuntun ní Ìbàdàn, Èkó tàbí Cotonou lè ra iná ìtàgé àti ẹ̀rọ fídíò ní ọjà. Wíwá ènìyàn ṣáájú, yíyẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò fínnífínní, àti dídúró tì í lẹ́yìn ìpàtẹ́wọ́ ni apá tó gba owó, sùúrù àti àkókò, òun sì ni apá tí àpérò kò gbọdọ̀ fò.